Ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu àgbàlagbà, ìwé dókítà sì dárúkọ àrùn méjì: báwo ni ká ṣe kà á?

Alábòójútó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú-tòde ọ̀rọ̀ ọpọlọ.

Ọkùnrin ẹni ọdún 67 kan ni mò ń béèrè nípa rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, á dúró, á máa wá orúkọ nǹkan kiri. Tí wọ́n bá ní kó tún gbólóhùn gígùn sọ, àbọ̀ rẹ̀ ló máa ń mú. Síbẹ̀, títí di ọdún tó kọjá, ó ń wakọ̀, kì í sì í ṣi owó kà. Láti bí oṣù mẹ́fà ni nǹkan mìíràn ti wọ̀ ọ́: ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó ń jà lójú oorun débi pé ó máa ń gbá ẹni tó sùn tì í, ó sì ń rí àwọn ọmọdé nínú yàrá tí kò sí ẹnì kankan. MRI fi hàn pé ọpọlọ ti súnkì lápá òsì, lókè etí lọ sẹ́yìn.

Ohun tó wà nínú ìwé ni: PPA (primary progressive aphasia), ẹ̀yà logopenic, ó jọ pé Alzheimer's ló fà á, kí wọ́n máa ṣọ́ Lewy body.

Ṣé àrùn ni PPA fúnra rẹ̀, àbí orúkọ àmì lásán? Báwo ni àrùn méjì ṣe ń pàdé nínú orí kan? Àyẹ̀wò wo ló lè yà wọ́n, oògùn wo ló tọ́, èwo ló léwu? Kí ni ará ilé sì lè ṣe sí ọ̀rọ̀ tó ń lọ yìí, ní èdè wo?

Oníṣègùn_Ọpọlọ

Ẹ jẹ́ ká yanjú ti orúkọ ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìnà.

PPA kì í dá dúró gẹ́gẹ́ bí àrùn. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé èdè ló kọ́kọ́ bàjẹ́, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń bàjẹ́, àti pé òun ló ń dí ẹni náà lọ́wọ́ jù ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbàgbé, kì í ṣe ìwà. Arnold Pick ti ṣàpèjúwe irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Prague ní 1892, àmọ́ Marsel Mesulam ló kó ẹjọ́ ènìyàn mẹ́fà jọ ní 1982 tí àwọn oníṣègùn fi gbà pé ọ̀tọ̀ ni èyí. Ìlànà tí a fi ń pín in sí mẹ́ta lónìí jáde ní 2011.

Orúkọ méjì ló yẹ kó wà nínú ìwé aláìsàn báyìí. Àkọ́kọ́ ni ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nínú ọpọlọ. Èkejì ni purotéènì tó ń bà á jẹ́. Ibi yẹn ló ń pinnu ohun tí ẹ óò rí lójú. Purotéènì ló ń pinnu oògùn àti ohun tó lè tẹ̀lé e. Ìwé tirẹ̀ ní méjèèjì, ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́.

Ní ti ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: logopenic máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè etí òsì lọ sẹ́yìn. Ẹni náà mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ni kì í tètè bọ́ sẹ́nu, kò sì lè di gbólóhùn mú lọ́kàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó tún un sọ. Alzheimer's ló sábà wà lábẹ́ rẹ̀. Semantic máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ṣóńṣó iwájú ẹ̀bátí òsì. Ọ̀rọ̀ ń dà geere, àmọ́ "kinní", "nǹkan yẹn" àti "lámọrín" ló kún inú rẹ̀. Ní kó gbé ọmọrogùn wá, á bi ọ́ pé kí ló ń jẹ́ ọmọrogùn. Kì í ṣe orúkọ nìkan ló lọ, ìmọ̀ nípa nǹkan náà ti lọ. Purotéènì tí wọ́n ń pè ní TDP-43, ẹ̀yà C rẹ̀, ló sábà wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, nonfluent, máa ń bẹ̀rẹ̀ níwájú orí lápá òsì: ọ̀rọ̀ sísọ di iṣẹ́ àṣelàágùn, ahọ́n àti ètè ń ṣi ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké inú gbólóhùn ń já bọ́. Purotéènì tí wọ́n ń pè ní tau ló sábà fà á, nínú àwọn àrùn tí wọ́n ń pè ní PSP àti CBD.

"Sábà" ni mo ń sọ o. Ẹ má fa ìlà tó le láti ẹ̀yà dé purotéènì, torí àyẹ̀wò ọpọlọ lẹ́yìn ikú ti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn níbi tí a kò fojú sí.

Ìpàdé àrùn méjì kì í ṣe ohun àrà. Lẹ́yìn ọdún 70, orí tó ní purotéènì kan ṣoṣo ló ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tí iyè wọn ti rà. Nínú ọpọlọ ẹni tí Lewy body (purotéènì alpha-synuclein tó dì jọ nínú sẹ́ẹ̀lì) ń ṣe, nǹkan bí ìdajì ló tún ní ti Alzheimer's. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó ń kó pàǹtírí kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ń rẹ̀ bí ọjọ́ ń lọ lórí ọjọ́, purotéènì kan tó ti ká kò sì ní í jẹ́ kí èkejì dúró dáadáa. Àjà ilé tí ikán wọ̀ tí òjò tún ń jò lé lórí: bí ẹ bá yọ ikán, igi yẹn ṣì ń jẹrà. Ní 2019 ni wọ́n fún TDP-43 àgbàlagbà tó ń ba ibi ìrántí jẹ́ lórúkọ LATE, torí pé wọ́n ti ń pè é ní Alzheimer's láìmọ̀. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ní Cambridge fi hàn pé nínú ẹ̀yà C tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, TDP-43 kò dá nìkan ṣe é, òun àti purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ annexin A11 ló lọ́ mọ́ra nínú okùn kan náà. Nítorí náà, kódà ohun tí a ń pè ní "àrùn kan" lè jẹ́ méjì nínú okùn tín-ínrín kan.

Ti ọkùnrin yìí: èdè ló kọ́kọ́ lọ, MRI sì bá ibi tí logopenic ń gbé mu, nítorí náà Alzheimer's bọ́gbọ́n mu. Ìjà lójú oorun, rírí ọmọdé tí kò sí, àti ẹsẹ̀ wíwọ́ kò sí lára logopenic. Àmì Lewy body ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ bi ará ilé bóyá ìjà ojú oorun yẹn ti wà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ó lè ṣáájú àwọn àmì yòókù lọ́pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn a sì kà á sí àlá burúkú lásán.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ déètì àti ohun tuntun tó yọ. Ìtòtẹ̀lé yẹn ju àwòrán lọ nígbà mìíràn. Kí ẹ fi ojú sí àwọn wọ̀nyí: kó máa ṣubú sẹ́yìn, kí ojú rẹ̀ má lè wo ìsàlẹ̀ mọ́ (PSP), kí ọwọ́ kan di aláìgbọràn tí kò lè di bọ́tìnì (CBD), kí ẹran àtẹ́lẹwọ́ máa gbẹ, kí ahọ́n máa gbọ̀n lábẹ́ (àrùn iṣan tí wọ́n ń pè ní ALS, tó ń bá nǹkan bí 15 nínú 100 àwọn tó ní frontotemporal dementia, ìyẹn iyè-ríra tó ń bẹ̀rẹ̀ níwájú orí àti ní ẹ̀bátí). Tí ìwà tàbí òye bá já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ìyẹn kì í ṣe PPA. Ibà, òtútù àyà, àrùn ilé ìtọ̀, àìrí ìgbẹ́ yà tàbí oògùn tuntun ni. Tó bá jẹ́ lójijì, láàárín ìṣẹ́jú, tọ́jú rẹ̀ bíi rọpárọsẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Kí orúkọ tó ń yí padà má sì bà yín lẹ́rù. Nígbà tí ẹbí Bruce Willis, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ ní 2022, aphasia (kí ọ̀rọ̀ máa sọnù lẹ́nu) ni wọ́n pè é; ní February 2023 wọ́n ní frontotemporal dementia ni. Ènìyàn kan náà ni, òye nípa rẹ̀ ló jinlẹ̀ sí i.

Ilé_Àyẹ̀wò

Mo fara mọ́ ohun tí dókítà sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àyẹ̀wò kún un, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò wọ́n: vitamin B12, thyroid, HIV, sífílíìsì, ṣúgà, calcium, kíndìnrín, àti etí. Etí o! Ẹni tí kò gbọ́ "f" àti "s" dáadáa á kùnà nínú àyẹ̀wò títún ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á sì ní logopenic ni. Àwòrán orí kò ṣeé fò: tí MRI kò bá sí, CT ṣì lè yọ ẹ̀jẹ̀ tó rọra ń ṣàn sábẹ́ agbárí jáde, ìyẹn tó lè wáyé lẹ́yìn ìṣubú kékeré tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, tó sì ṣeé wò sàn. Tí MRI bá wà, ẹ ní kí wọ́n ya apá coronal pẹ̀lú, kí wọ́n fi ẹ̀bátí òsì wé ti ọ̀tún. CT lásán kì í fi súnkì àkọ́bẹ̀rẹ̀ hàn.

Fún Alzheimer's, omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn: Aβ42 (ẹ̀yà purotéènì amyloid kan) á lọ sílẹ̀, p-tau (ẹ̀yà tau kan) á lọ sókè. Ohun tó máa ń ba èsì yìí jẹ́ jù ni ike tí wọ́n gbà á sí. Polypropylene ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Amyloid máa ń lẹ̀ mọ́ ìgò àti polystyrene, Aβ42 á wá dà bíi pé ó kéré, wọ́n á sì sọ pé Alzheimer's ni fún ẹni tí kò ní in. Ẹ béèrè kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ lásán ti ń ṣiṣẹ́ náà: ní May 2025 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wo p-tau217 pẹ̀lú Aβ42. Kíndìnrín tó ń kùnà máa ń gbé p-tau217 sókè láìsí Alzheimer's, nítorí náà ẹ mú èsì creatinine dání.

Èsì tó bá fi Alzheimer's hàn kò yọ Lewy body kúrò. Ó kàn sọ pé ọ̀kan wà ni. Fún Lewy body, DAT scan ń wo dopamine nínú ọpọlọ. Àyẹ̀wò omi ọ̀pá ẹ̀yìn kan sì wà báyìí tó ń mú alpha-synuclein dàgbà nínú ike láti mọ̀ bóyá irúgbìn rẹ̀ wà. Kò sí irú rẹ̀ fún TDP-43. Ìyẹn ni ihò tó kù nínú gbogbo àyẹ̀wò wa, kí ẹni tó bá sọ fún yín pé òun "ti rí i dájú pé kò sí TDP" má tàn yín.

Apòògùn_Ọjà

Ti oògùn, ní ṣókí, nítorí ẹjọ́ yìí ní ọ̀fìn kan tí mo fẹ́ kí ẹ rí kedere.

Haloperidol. Tí Lewy body bá wà, tí bàbá ń rí ọmọdé tí kò sí, tí ẹnì kan bá gún un ní haloperidol "kó lè sinmi", ara rẹ̀ lè le gbandi, kí ibà gbé e, kó má lè gbé nǹkan mì, kó sì ti ibẹ̀ kú. Ẹ kọ ọ́ sára fáìlì rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú páálí tó wà nínú àpò rẹ̀, torí ní òru, ní ọsibítù tí wọn kò mọ̀ ọ́n, òun ni oògùn tí ọwọ́ kọ́kọ́ ń kàn. Metoclopramide fún èébì náà lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kejì, àwọn oògùn tó ń di acetylcholine lọ́wọ́, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí orí rẹ̀ ò ní tó tẹ́lẹ̀: chlorpheniramine tí gbogbo ayé ń pè ní Piriton, promethazine, amitriptyline, benzhexol. Wọ́n ń rà wọ́n láìsí ìwé dókítà fún ọ̀fìnkìn àti àìròórunsùn. Ọ̀sẹ̀ kan lórí wọn tó láti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú sí i. Ọlọ́jà á ní "oògùn òtútù ni", òtítọ́ sì ni.

Tí Alzheimer's àti Lewy body bá wà, donepezil wúlò fún méjèèjì: miligíráàmù 5 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, lẹ́yìn náà 10 tí ara bá gbà á. Ẹ yẹ ìlù ọkàn wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ó máa ń mú kó rọra lù, àgbàlagbà á wá dákú ní balùwẹ̀. Tí àlá bá le, ẹ fi sí òwúrọ̀ dípò alẹ́. Tí inú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, àlẹ̀mọ́ra rivastigmine ni, miligíráàmù 4.6 fún wákàtí 24, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 kí wọ́n gbé e sí 9.5. Ẹ ṣí èyí tó ti gbó kúrò kí ẹ tó lẹ tuntun. Àlẹ̀mọ́ra méjì lára lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ń gbé wọn dé ẹ̀ka pàjáwìrì.

Fún semantic àti nonfluent tí kì í ṣe Alzheimer's, donepezil kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, ó tún lè mú ìwà ènìyàn le. Ẹ má ra á fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sọnù lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ kejì nínú ìwé fi ṣe pàtàkì. Lecanemab àti donanemab ń kó amyloid kúrò, kò kan Lewy body, kò kan TDP-43, wọ́n sì ń béèrè MRI lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí wíwú àti ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ.

Olùtọ́jú_Ọ̀rọ̀

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni tèmi. Máa gùn díẹ̀.

Àyẹ̀wò èdè tí wọ́n mú láti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣiṣẹ́ geere fún ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè ilé rẹ̀, ibi tó ti ń yẹ̀ sì ṣeé tọ́ka sí. Fún semantic, wọ́n máa ń ní kí ènìyàn ka "yacht", torí ẹni tí ìtumọ̀ ti sọnù fún á kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Yorùbá tí a ń kọ bí a ṣe ń pè é kò ní irú ìdẹkùn yẹn. Nítorí náà, pé bàbá ṣì ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá ketekete kò fi hàn pé ìtumọ̀ kò lọ. Ẹ mú ohun gidi wá: ẹ kó igbálẹ̀, ìṣáná, ọmọ odó, kọ́kọ́rọ́ àti abẹ sílẹ̀, kí ó dárúkọ wọn, kí ó fi ọwọ́ ṣe bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Ẹni tí orúkọ kò yọ fún tó sì lò ó dáadáa, ọ̀nà ọ̀rọ̀ ló bàjẹ́. Ẹni tó ń wo abẹ bíi pé kò rí irú rẹ̀ rí, ìmọ̀ ló bàjẹ́.

Fún nonfluent, ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ìrísí padà, nítorí náà "ó ń lọ, ó ti lọ, yóò lọ" ni kí ẹ máa fetí sí, pẹ̀lú "tí", "sí", "ni". Nígbà tí "Bàbá tí ó ra ewúrẹ́ ti lọ sí ọjà" bá di "Bàbá... ra ewúrẹ́... ọjà", ẹ ti rí i. Ní kó sọ "pàtàkì", "àgbàlagbà" àti "alápatà" ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tẹ̀lé ara wọn. Tí àṣìṣe rẹ̀ bá ń yàtọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, tó ń wá ibi tí ètè ń lọ, àìṣètò ìró ni. Tí àṣìṣe bá jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo, ẹ wo iṣan tàbí eyín.

Fún logopenic, ẹ fi gbólóhùn tó ń gùn sí i: "Ìyá ra ata." "Ìyá ra ata tútù lọ́jà." "Ìyá tó ra ata tútù lọ́jà ti padà sílé kí òjò tó rọ̀." Ibi tó ti já ni kí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ohun kan máa ń fi àìsàn pamọ́ fún wa ju fún àwọn mìíràn lọ, ìyẹn ìkíni. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni? Gbogbo rẹ̀ ti wọ ara, ó ń jáde láìronú. Àlejò á jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á ní bàbá ti yá. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: aláìsàn semantic tàbí frontotemporal lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi "o" pe àgbà, ilé á sì gbà pé ìgbéraga ni.

Ní ti ìtọ́jú, kò sí ohun tó ń dá àrùn yìí dúró, àmọ́ iṣẹ́ ń fa ọ̀rọ̀ tó kù gùn, tí ẹ kò bá fi sílẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ 30, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó ń lò lójoojúmọ́: orúkọ ọmọ, oògùn, oúnjẹ, ibi tó ń lọ. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun tirẹ̀ gangan, kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì, torí nínú semantic ohun tó kọ́ lára ife tirẹ̀ kì í ràn mọ́ ife ẹlòmíràn. Ìṣẹ́jú 20 lówùúrọ̀, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Fún àwòrán kọ̀ọ̀kan: kí ó sọ ibi tí wọ́n ń gbé e sí àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe, ẹ fún un ní ìró àkọ́kọ́, tí kò bá yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ sọ ọ́, kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó kọ ọ́, kó fi ṣe gbólóhùn kan. Ẹ má jẹ́ kó máa méfò kiri. Èyí tó fi ẹnu rẹ̀ ṣì lónìí ni yóò kọ́kọ́ wá sẹ́nu rẹ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀sẹ̀ méjì kò gbé jáde, ẹ gbé àwòrán rẹ̀ lọ sínú ìwé atọ́ka, kí ẹ sì fi òmíràn rọ́pò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́sórí. Gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀, tó ń sọ tẹ̀lé fídíò ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ láìdúró. Ẹ kọ ọ̀kan fún fóònù, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan fún dókítà. Eléyìí ni ẹ kọ sórí káàdì kí ó wà lápò rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Àìsàn ọpọlọ ló ń dí ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́. N kò mutí, etí mi kò sì di. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kúkúrú." Lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà ará ilé àti ìkìlọ̀ haloperidol tí apòògùn sọ.

Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní báyìí. Orúkọ àwọn ọmọ, ìkíni, àdúrà, "mo fẹ́ omi", "ó ń dùn mí". Ẹni tó bá dúró títí ohùn á fi dí, kò sí ohùn tó máa gbà sílẹ̀ mọ́.

Èdè wo? Èdè ilé. Méjèèjì ló ń lọ, àmọ́ èyí tí kò lò púpọ̀ tàbí tó kọ́ lẹ́yìn ló sábà ń yára lọ. Ti bàbá tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ tíṣà ní 30 ọdún lè má rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ dán méjèèjì wò kí ẹ tó yàn. Tó bá ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tó bá yọ ni ọ̀rọ̀. Àwọn tó wà ní London tàbí Houston, ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá kọ́ ọ̀rọ̀ 30 yẹn náà, torí ọjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì bá tán lẹ́nu bàbá, òun ló máa ń dá wà nílé pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé.

Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ gbólóhùn bá ti ìṣẹ̀lẹ̀ mu. "Kí ẹ tó wẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun, ẹ mu oògùn" yóò dojú rú fún un. "Ẹ jẹun." Kó ṣe é. "Ẹ mu oògùn." Kó ṣe é. "Ẹ lọ wẹ̀." Ẹ pa rédíò àti tẹlifíṣàn.

Alábòójútó

Ẹ ṣé gan-an. Méjì tó kù: ó máa ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tó fẹ́ sọ "rárá". Ó sì ń ki oríkì ìdílé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí kò lè béèrè omi. Àwọn ẹ̀gbọ́n ní ó ń díbọ́n ni. Omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pá a lórí.

Nọ́ọ̀sì_Ilé

Kò díbọ́n. Oríkì, orin, orí Sáàmù, àdúrà, kíka ení èjì, ohun tó ti ń sọ láti kékeré kì í gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú gbólóhùn tuntun nínú ọpọlọ. Béèrè omi gba yíyan ọ̀rọ̀, oríkì kò gba yíyan. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì lè lò ó: kí ẹ ki oríkì náà, kó gbè é, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́. Ẹ má kàn fi ṣe ẹ̀rí pé ó lóye ìwé tí ẹ fẹ́ kó buwọ́ lù.

Ìyẹn gbé mi dé "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá". Ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, kò sì túmọ̀ sí pé kò lóye. Ẹ béèrè lọ́nà méjì: "Ṣé ẹ fẹ́ ẹ̀kọ?" Lẹ́yìn náà, "Ṣé ẹ kò fẹ́ ẹ̀kọ?" Tí ìdáhùn bá ta ko ara, ẹ gbé ẹ̀kọ àti búrẹ́dì síwájú rẹ̀, kí ó fọwọ́ kan èyí tó fẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, báǹkì àti owó ìfẹ̀yìntì kò gbọ́dọ̀ dúró lórí bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo. Ẹ pe agbẹjọ́rò nígbà tó ṣì ń lóye, kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ó lóye.

Ti omi: àwọn àmì tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni ikọ́ láàárín oúnjẹ, ohùn tó ń dún bíi pé omi wà lọ́fun lẹ́yìn tó mu nǹkan, òtútù àyà tó ń padà wá, àti ara tó ń fọn. Kí ó jókòó ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ kanlẹ̀, kí ó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé mì. Ṣíbí kékeré, ẹnu kan lẹ́ẹ̀kan, kí èyí tó wà lẹ́nu tán kí òmíràn tó wọlé. Kó má dùbúlẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30. Omi lásán ló máa ń yára jù fún ọ̀fun. Ògì tó nípọn díẹ̀ rọrùn fún un. Gààrí gbígbẹ, ẹ̀pà, àkàrà tó gbẹ, ẹ gbé wọn kúrò. Òkèlè ẹ̀bà tí a ń gbé mì láìjẹ ni ewu tó tóbi jù nínú oúnjẹ wa: ẹ ṣe é bí orí àtàǹpàkò ọmọdé. Tó bá jẹ́ frontotemporal ni, wọ́n a máa kó oúnjẹ kún ẹnu láìdúró, nítorí náà ẹ bu díẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ìkòkò má sí lórí tábìlì. Ẹ fọ eyín rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, torí kòkòrò inú ẹnu tó bá gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró ni òtútù àyà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìjà ojú oorun: ẹ gbé ibùsùn sún mọ́ ilẹ̀, ẹ mú gíláàsì àti fìtílà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìyàwó sùn ní ibùsùn mìíràn fún àsìkò yìí. Àwọn ọmọdé tó ń rí: tí kò bá bẹ̀rù wọn, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ tan iná yàrá, ẹ ká aṣọ tó kọ́ sára ògiri kúrò, ẹ bo dígí. Ọ̀pọ̀ ìran yẹn ń wá láti inú òkùnkùn díẹ̀.

Oníṣègùn_Ọpọlọ

Ẹnì kan fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi bóyá àìsàn òyìnbó ni eléyìí. Rárá. Láti 1992 ni wọ́n ti ń wá iyè-ríra láti ilé dé ilé ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wọ́n sì fi wé àwọn ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó wà ní Indianapolis. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé ènìyàn tuntun tí iyè-ríra ń mú lọ́dún jẹ́ 1.35 nínú 100 ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ó kéré, àmọ́ ó wà. Ìwádìí yẹn kò wá PPA, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ẹ̀rí pé kò sí i níbí.

Lórí àjogúnbá: ọ̀pọ̀ PPA kì í ṣe ti ìdílé. Èyí tó máa ń rìn nínú ìdílé sábà jẹ́ ti jíìnì tí wọ́n ń pè ní GRN, nígbà mìíràn C9orf72 tàbí MAPT. GRN a máa tanni jẹ: ẹ̀gbọ́n kan á ní PPA, àbúrò á ní ìwà tó yí padà, ọmọ wọn á ní ọwọ́ tó le bíi Parkinson, ẹnikẹ́ni kò ní í fi wọ́n so mọ́ra. Ẹ ya àtẹ ìdílé, kí ẹ kọ ọdún tí oníkálukú ṣàìsàn àti ohun tó kọ́kọ́ ṣe é, títí kan àwọn tí wọ́n ní "orí wọn dàrú".

Apòògùn_Ọjà

Kí n fi ìkan kún un, torí wọ́n á gbé e wá fún yín láìpẹ́: ginkgo. Wọ́n ti dán an wò lára àgbàlagbà tó lé ní 3,000 ní Amẹ́ríkà, kò dá iyè-ríra dúró. Tí bàbá bá ń lo aspirin tàbí warfarin, ó lè fi kún ẹ̀jẹ̀ dídà. Àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ donepezil. Tí àwọn ẹ̀gbọ́n bá sì ti ń fún un lábẹ́lẹ̀, ẹ béèrè pẹ̀lẹ́, ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.